Àròyé, Eérú àti Ohùn Inú Yàrá Aṣọ

Lọ́jọ́ kan tí ojú ọ̀run ṣú dẹ̀dẹ̀ bí inú ìkòkò, Àròyé jí, ẹnu ń yún un.

Oúnjẹ kọ́ ni ẹnu rẹ̀ ń wá. Ọ̀rọ̀ ni.

Àròyé kọ́ ni orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ nígbà tí wọ́n bí i. Ẹnu rẹ̀ ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ọmọ yìí lè bá ògiri jiyàn títí ògiri á fi ní, "Jọ̀ọ́, mo gbà."

Nǹkan rírọ̀ kan fara ra ẹsẹ̀ rẹ̀. "Míáò."

Eérú nìyẹn, ológbò rẹ̀ tí kò tíì pẹ́ tó dé. Àwọ̀ rẹ̀ rí bí eérú. Ojú rẹ̀ ń tàn bí iná mọ́tò.

Àròyé ń gbé lọ́dọ̀ Màmá Àgbà, ìyá ìyá rẹ̀. Alágbàfọ̀ ni Màmá Àgbà. Tí wọ́n bá gbé òru fún un, á fọ̀ ọ́ di ọ̀sán, á sì sá a gbẹ.

Ṣùgbọ́n òfin kan wà. Kí Màmá Àgbà tó da oògùn àbàwọ́n sí àárín aṣọ, á kọ́kọ́ kán díẹ̀ sí ìṣẹ́tí, níbi tí ẹnikẹ́ni ò ní rí. Á dúró. Á wò ó.

"Dán an wò ná," ló máa ń wí. "Tí aṣọ bá ti bà jẹ́ tán, 'mo rò pé' ò lè tún un ṣe."

Búrọ̀dá Áyọ́ọ̀nù náà wà níbẹ̀. Àbúrò ìyá Àròyé ni. Òun ló ń lọ aṣọ. Ṣììì, ṣììì, ṣììì.

Akin ni Búrọ̀dá Áyọ́ọ̀nù, lẹ́nu. Ó ní òun ti fi ọwọ́ lásán lé kìnnìún rí. Ẹnikẹ́ni ò rí kìnnìún náà.

Lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù wọn, yàrá aṣọ wà.

Yàrá náà gùn. Ó gùn débi pé tí o bá sín lẹ́nu ọ̀nà, ọ̀la ni wọ́n á tó kí ọ ní "pẹ̀lẹ́" lọ́hùn-ún.

Ó ṣókùnkùn díẹ̀. Ó tutù díẹ̀. Omi ń kán níbẹ̀. Tó. Tó. Tó.

Ṣẹ́ẹ̀tì ń rọ̀ dirodiro, kò lọ́rùn. Ṣòkòtò ń rọ̀ dirodiro, kò lẹ́sẹ̀. Kóòtù funfun àwọn dókítà tò lọ rẹrẹẹrẹ. Apá wà. Ọwọ́ ò sí.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, Àròyé gba abẹ́ kọ́tìnì ṣọ́ọ̀bù wọ yàrá aṣọ. Eérú tẹ̀ lé e. Pẹ́lẹ́, pẹ́lẹ́, pẹ́lẹ́.

Ibẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́.

Gààààà.

Ilẹ̀kùn ńlá tó wà lọ́nà ẹ̀yìnkùlé ṣí. Búrọ̀dá Áyọ́ọ̀nù wọlé, ó ru apẹ̀rẹ̀ aṣọ tútù lórí.

Hùùùùùùù.

Ohùn kan. Ohùn tó jìn. Ó dà bíi pé ẹnì kan wà nísàlẹ̀ kànga, tó ń wá ìyá rẹ̀.

Kóòtù funfun kan gbé apá sókè. Díẹ̀díẹ̀. Díẹ̀díẹ̀.

Búrọ̀dá Áyọ́ọ̀nù ju apẹ̀rẹ̀ sílẹ̀. Ó sá. Ó sá débi pé òjìji ara rẹ̀ ń lé e, kò bá a.

Gbàmù. Ilẹ̀kùn pa dé lẹ́yìn rẹ̀.

Ohùn náà dákẹ́. Kóòtù náà sọ apá rẹ̀ kalẹ̀.

Àròyé náà gba abẹ́ kọ́tìnì sá jáde. Eérú nìkan ni ò sá. Ó jókòó, ó ń lá ẹsẹ̀ rẹ̀.

Nígbà tí Àròyé dé ṣọ́ọ̀bù, Búrọ̀dá ti yípo ilé, ó ti débẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Màmá, ológbò yẹn ni," ó ní.

"Ológbò ṣe kí ni?" Màmá Àgbà bi í.

"Òun ló mú iwin wá. Kí ológbò tó dé ilé yìí, ohùn ò sí. Ológbò dé, ohùn dé. Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí. Ta ni ò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ?"

Òwe ńlá nìyẹn. Òwe náà ga ju òrùlé lọ. Àròyé gbójú sókè wò ó, kò rí òkè rẹ̀.

"Mi ò wọ yàrá yẹn mọ́," Búrọ̀dá wí. "Kí ológbò lọ, tàbí kí èmi lọ."

Màmá Àgbà mí kanlẹ̀. Tí Búrọ̀dá ò bá wọ yàrá, aṣọ ò ní jáde. Tí aṣọ ò bá jáde, ilé ò ní jẹun.

"Dírẹ́bà ilé ìwòsàn ń bọ̀ wá kó kóòtù àwọn dókítà lọ́sàn-án yìí," ó ní. "Á gbé Eérú dání lọ sí ilé ìkẹ́rùsí wọn, lódìkejì odò."

Àyà Àròyé já. Ó já, ó bọ́ sínú bàtà rẹ̀.

Àròyé sunkún. Omijé rẹ̀ tó fọ aṣọ gbogbo ilé náà.

"Ẹkún rẹ ń dùn mí," Màmá Àgbà wí. "Ṣùgbọ́n ẹkún kì í ṣe ẹ̀rí."

Àròyé pariwo. "Eérú ò ṣe é. Eérú ò ṣe é. Eérú ò ṣe é." Bọ́tìnnì ń fò sókè nínú agolo.

"Ohùn rẹ ti ga," Màmá Àgbà wí. "Ọ̀rọ̀ rẹ ni ò tíì ga."

Àròyé kọjú sí Búrọ̀dá. "Ojo ni yín. Adìyẹ gan-an láyà jù yín lọ."

"Ó dáa," Màmá Àgbà wí. "Ká ní ojo ni. Ṣé ojo ò lè sọ òótọ́ ni?"

Àròyé ronú. "Ó lè sọ ọ́, Mà." Ó kúnlẹ̀. "Búrọ̀dá, ẹ máà bínú, sà."

"Mi ò bínú," Búrọ̀dá wí. "Adìyẹ wo gan-an lo ń wí?"

Màmá Àgbà nu ojú Àròyé. "Agbẹ́jọ́ ẹnì kan dá, àgbà òṣìkà ni. Mo ti gbọ́ ti Búrọ̀dá. Mi ò tíì gbọ́ ti Eérú. Ìwọ lo máa bá a rò ó, kí Dírẹ́bà tó dé."

"Báwo ni mo ṣe máa rò ó, Mà?"

"Báwo la ṣe ń ṣe aṣọ tí a ò mọ̀?"

Àròyé fa imú. "Dán an wò ná."

Ó wá padà sídìí òwe ńlá yẹn. Ó gùn ún díẹ̀díẹ̀.

"Búrọ̀dá, àkùkọ kọ, ilẹ̀ mọ́. Ṣé àkùkọ ló gbé oòrùn jáde?"

"Tó bá jẹ́ àkùkọ tèmi, ó lè gbé e," Búrọ̀dá wí. Ṣùgbọ́n ó ń họ orí.

Àròyé lọ yọjú lábẹ́ kọ́tìnì, ó pe Eérú jáde. Ó gbé e lé Màmá Àgbà lẹ́sẹ̀.

"Ẹ dì í mú, Mà. Tí ohùn bá dún nínú yàrá, tí Eérú sì wà lọ́wọ́ yín níbí, a jẹ́ pé Eérú kọ́ ló ń ké."

Ó wá gba abẹ́ kọ́tìnì wọlé. Òun nìkan.

Tó. Tó. Tó.

Àwọn aṣọ ń wò ó. Wọn ò lójú, wọ́n sì ń wò ó.

Ó ń fẹsẹ̀ kilẹ̀ kí ẹ̀rù tó ń bà á lè lọ. Gbì, gbì, gbì. Àwọn ará àdúgbò kejì lè fi jó.

Ó dúró. Ó dúró. Ohùn ò dún.

"Ṣé ẹ rí i?" Búrọ̀dá wí láti ṣọ́ọ̀bù. "Ológbò jáde, ohùn dákẹ́. Ẹjọ́ parí."

Ẹnu Àròyé gbẹ. Látọjọ́ tí wọ́n ti bí i, ọ̀rọ̀ ò tán lẹ́nu rẹ̀ rí.

Ọkàn Búrọ̀dá balẹ̀ wàyí. "Ẹ jẹ́ kí n lọ kó aṣọ tútù mi," ó ní. "Iwin ti lọ." Ó gba ẹ̀yìnkùlé, ó ń súfèé lọ.

Gààààà.

Hùùùùùùù.

Kóòtù funfun gbé apá sókè.

Ìsúfèé kú lẹ́nu Búrọ̀dá. Ó di ilẹ̀kùn mú gírígírí. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan fẹ́ sá, ẹsẹ̀ kejì ò gbọ́.

"Màmá," Àròyé ké, "ṣé Eérú wà lọ́wọ́ yín?"

"Ó wà lọ́wọ́ mi," Màmá Àgbà dáhùn láti ṣọ́ọ̀bù. "Ó ń hanrun."

"Búrọ̀dá, ẹ gbọ́ fúnra yín. Eérú kọ́."

"Ó fi ẹ̀mí rẹ̀ sílẹ̀ níbí," Búrọ̀dá wí.

"Ṣé ẹ rí i?"

"A kì í rí i."

"Báwo ló ṣe rí?"

"Kò rí bákan."

"Ohun tẹ́nì kankan ò rí, tí kò rí bákan," Àròyé wí, "báwo lẹ ṣe mọ̀ pé ti Eérú ni?"

Búrọ̀dá wo òkè àjà, ó ń wá ẹ̀mí ológbò.

Àròyé wá ń rò ó. Kí ló máa ń kọ́kọ́ dún? Gààààà. Kí ló máa ń tẹ̀ lé e? Hùùùùù.

"Búrọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jáde, kẹ́ ẹ pa ilẹ̀kùn."

Gbàmù. Ohùn dákẹ́. Kóòtù sọ apá kalẹ̀.

"Ẹ wọlé, sà."

Gààààà. Hùùùùùùù.

"Ẹ jáde, sà."

Gbàmù. Rọ́rọ́.

"Ẹ tún wọlé, sà."

Gààààà. Hùùùùùùù.

"Ọmọ yìí," Búrọ̀dá wí, "ṣé o fẹ́ kí ẹ̀rù pa mí ni?"

Àròyé fọwọ́ lẹ́yìn bí adájọ́. "Búrọ̀dá wọlé, ohùn dé. Búrọ̀dá jáde, ohùn lọ. A jẹ́ pé Búrọ̀dá ni iwin."

Nínú ṣọ́ọ̀bù, Màmá Àgbà rẹ́rìn-ín. Kẹ̀, kẹ̀, kẹ̀.

"Èmi? Iwin?" Búrọ̀dá fa ara rẹ̀ ga. "Ṣé torí pé èmi àti ohùn jọ dé náà ni…"

Ó dúró. Ẹnu rẹ̀ ti gbé e dé ibi tí kò fẹ́ lọ.

"Ẹ máa bá a lọ, sà," Àròyé wí.

"Ṣé torí pé a jọ dé," Búrọ̀dá wí wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, "lo ṣe ní èmi ni?"

"Rárá, sà. Bẹ́ẹ̀ náà ni Eérú."

Ilẹ̀kùn ṣì ṣí sílẹ̀. Ohùn náà ṣì ń ké.

Nǹkan tutù kan mí sí Àròyé lọ́rùn.

Fììììì.

Ó fẹ́ sá. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń lọ. "Dán an wò ná," ó sọ fún ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ó na ọwọ́. Ó fọwọ́ kan apá kóòtù funfun náà. Ó tutù. Ó rọ̀. Ó wo inú rẹ̀. Ọwọ́ ò sí níbẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò sí níbẹ̀.

Ó ti ìka bọ ẹnu, ó gbé e sókè. Ẹ̀gbẹ́ kan ìka náà tutù.

"Atẹ́gùn ni," ó ní. "Ó ń gba ẹnu ilẹ̀kùn wọlé. Níbo ló ń lọ?"

Ó tẹ̀ lé atẹ́gùn. Ó kọjá ṣẹ́ẹ̀tì. Ó kọjá ṣòkòtò. Ó dé ojú fèrèsé tó ṣí sílẹ̀.

Lórí pèpéle fèrèsé, àwọn ìgò oògùn àbàwọ́n tó ti ṣófo tò síbẹ̀. Ìgò gíga, ìgò kúkúrú, ìgò oníkùn gbẹndu.

Ẹnu gbogbo wọn là sílẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ sọ nǹkan. Kò sí ìdérí kankan.

Àròyé gbé ètè lé ẹnu ìgò gíga. Ó fẹ́ atẹ́gùn sí i.

Hùùùùùùù.

Ohùn kànga. Ohùn tó ń wá ìyá rẹ̀. Ohùn yẹn gan-an.

"Búrọ̀dá," Àròyé wí, "ẹ wá kí iwin yín."

Búrọ̀dá wá. Ó fi ìka kan ta ìgò. Tín-ín. Ó fẹ́ atẹ́gùn sí i. Hùùù. Ó tún fẹ́ ẹ. Ó jọ pé ó ń gbádùn rẹ̀.

Màmá Àgbà gba abẹ́ kọ́tìnì wọlé, Eérú wà láyà rẹ̀. "Ìgò?" ó ní. "Ṣùgbọ́n mo dé àwọn ìgò yẹn. Èmi fúnra mi ni mo dé wọn pinpin. Ta ló ṣí wọn?"

Eérú fò bọ́ sílẹ̀. Ó wọ ẹ̀yìn apẹ̀rẹ̀ àtijọ́ kan ní kọ̀rọ̀.

Gírí, gírí, gírí.

Àròyé rá tẹ̀ lé e. Ó wo ẹ̀yìn apẹ̀rẹ̀.

Ìdérí ìgò. Wọ́n kún ibẹ̀. Eérú ń fi ọwọ́ gbá wọn. Ojú eyín wà lára gbogbo wọn. Eyín wẹ́wẹ́. Eyín ológbò.

Àròyé fi ọwọ́ méjèèjì bo ìdérí mọ́lẹ̀.

Pọ́ọ̀n-pọ́ọ̀n.

Mọ́tò Dírẹ́bà ti dé iwájú ilé.

Búrọ̀dá ò rí ìdérí. Màmá Àgbà ò rí ìdérí. Àpò aṣọ Àròyé jìn, ó sì ṣófo.

Eérú ń wò ó láti inú òkùnkùn. Ojú rẹ̀ ń tàn.

Tó. Tó. Tó.

Àròyé rántí aṣọ. Tí o bá ká àbàwọ́n mọ́ inú aṣọ, ṣé ó ti lọ nìyẹn? Ọjọ́ tí wọ́n bá tú aṣọ náà, á jáde.

Ó kó ìdérí sí àtẹ́lẹwọ́. Ó rá jáde. Ó dìde.

"Eérú jẹ̀bi," ó ní. Ohùn rẹ̀ kéré, èèrà ló lè gbọ́ ọ. "Òun ló ṣí àwọn ìgò. Ẹ wo ojú eyín rẹ̀."

"Mo sọ ọ́," Búrọ̀dá wí. "Ṣé mi ò sọ ọ́? Ológbò ló mú iwin wá."

"Ìdérí ló mú, sà. Kò mú iwin." Ohùn Àròyé ń padà bọ̀. "Ẹ̀ṣẹ̀ ìdérí nìkan ni ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. Tí ìdérí bá padà sẹ́nu ìgò, tí ohùn bá dákẹ́, kí ló kù tí Eérú máa torí rẹ̀ lọ?"

Búrọ̀dá wo Màmá Àgbà. Màmá Àgbà wo àwọn ìgò.

"Dán an wò ná," Màmá Àgbà wí.

Búrọ̀dá lọ pa ilẹ̀kùn. Gbàmù.

Àròyé dé ìgò gíga. Pọ́. Ó dé ìgò kúkúrú. Pọ́. Ó dé ìgò oníkùn gbẹndu. Pọ́. Ó dé gbogbo wọn.

"Ẹ ṣí ilẹ̀kùn, sà."

Gààààà.

Wọ́n dúró.

Kóòtù funfun gbé apá sókè. Díẹ̀díẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò sá. Búrọ̀dá sún sẹ́yìn díẹ̀ ni.

Ohùn ò dún.

"Tó bá tún lọ kó ìdérí ńkọ́?" Màmá Àgbà bi í.

Ìyẹn ò sí nínú ohun tí Àròyé ti rò. Ó wo ọ̀tún. Ó wo òsì. Ó rí kẹ̀kẹ́ òwú kan tí òwú ti tán lára rẹ̀. Ó yí i sórí ilẹ̀.

Gírí, gírí, gírí, gírí.

Eérú fò mọ́ ọn. Ó gbá a. Ó lé e. Kò tiẹ̀ wo ojú fèrèsé mọ́.

Màmá Àgbà fa Àròyé mọ́ra. "Nígbà tí o fẹ́ atẹ́gùn sí ìgò, mo gbà ọ́ gbọ́ díẹ̀," ó ní. "Nígbà tí o kó ohun tó lè ba ẹjọ́ rẹ jẹ́ síta, mo gbà ọ́ gbọ́ pátápátá. Eérú ò lọ ibì kankan."

Dírẹ́bà yọjú lábẹ́ kọ́tìnì. "Ẹ kú iṣẹ́ o. Wọ́n ní ológbò kan wà tí mo máa gbé."

Gbogbo ojú yí sí Búrọ̀dá.

"Ológbò wo?" Búrọ̀dá wí. "Ṣé ẹ rí ológbò níbí?"

"Míáò."

"Ìyẹn? Àwa àti ìyẹn la jọ ń ṣiṣẹ́, sà."

Dírẹ́bà gbé èjìká sókè, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó kóòtù.

"Láti àárọ̀ ni mo ti mọ̀ pé ìgò ni," Búrọ̀dá sọ fún un. "Mo kàn fẹ́ kí ọmọ yìí kọ́gbọ́n ni."

"Ẹ̀rí ńkọ́, sà?" Àròyé wí.

"Áyọ́ọ̀nù mi ti gbóná jù," Búrọ̀dá wí, ó sì yára lọ.

Wọ́n sin mọ́tò jáde dé iwájú ilé. Mọ́tò náà gbéra. Vùùùùù.

Nínú fèrèsé ẹ̀yìn mọ́tò, apá funfun kan gbéra sókè. Kò lọ́wọ́. Ó lọ sọ́tùn-ún. Ó lọ sósì. Díẹ̀díẹ̀. Bí ẹni tó ń sọ pé ó dàbọ̀.

Búrọ̀dá sá padà jáde láti wò ó. Bó ṣe rí i, ó bọ́ sẹ́yìn Màmá Àgbà.

Àròyé gbé Eérú mọ́ àyà. Ó wo mọ́tò náà dáadáa. Wọ́n ti yí gíláàsì fèrèsé ẹ̀yìn wálẹ̀.

"Atẹ́gùn ni," ó sọ sí Eérú létí.

Òun náà sì juwọ́ sí i.